Bí ẹ ṣe lè fi láptọ́ọ̀pù yín mọ ìgbà tí gálásì kékeré bí àwọn ìràwọ̀ ẹ̀

Gálásì kékeré méjì kan (àgbájọ ìràwọ̀ ni gálásì) wà lójú ọ̀run lápá gúúsù, Sculptor àti Fornax. Àwọn méjèèjì ń yí Milky Way, gálásì tiwa, ká, èèyàn kan náà ló kéde wọn lọ́dún 1938, Harlow Shapley tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, orí fọ́tò tí wọ́n yà ní Boyden Station nítòsí Bloemfontein ní South Africa ló ti rí wọn, téèyàn bá gbọ́ gbogbo èyí á rò pé ìbejì ni wọ́n. Àmọ́ ọ̀kan ti dáwọ́ ọmọ bíbí dúró látìgbà tí ayé ṣì kéré, èkejì ń bímọ lọ títí dàná. Àná tí mò ń wí yìí jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn o, ṣùgbọ́n lójú gálásì, àná náà nìyẹn.

Mo fẹ́ fi hàn yín bẹ́ ẹ ṣe lè fojú ara yín rí ìyàtọ̀ yẹn, láìní tẹlisikóòpù, láìná ju owó dátà lọ. Ọjọ́ Sátidé kan ló máa gbà, bóyá méjì tí Python, èdè tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bá ṣì ń bà yín lẹ́rù. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, mo kàn ti ṣe é, ó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún un ṣe, ibi tó ti bà jẹ́ yẹn ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà máa kọsẹ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ aago tẹ́ ẹ fẹ́ kà

Ìràwọ̀ ò yàtọ̀ sí gẹnẹrétọ̀. Èyí tó tóbi, iná ẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà mu epo, ẹ̀rù á bà yín. Èyí tó kéré, I-better-pass-my-neighbour, iná ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n epo díẹ̀ báyìí á gbé e di òru. Oòrùn wa máa lò tó bílíọ̀nù 10 ọdún kí epo inú ẹ̀ tó tán. Ìràwọ̀ tó wúwo jù ú lọ nígbà 10 ò ní lò ju mílíọ̀nù 20 sí 30 ọdún lọ. Èyí tí ìwúwo ẹ̀ jẹ́ ìdá 8 nínú 10 ti oòrùn, tó bá jẹ́ pé ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n bí i, ìsinsìnyí ni epo ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ tán, ọjọ́ orí ayé gbogbo sì jẹ́ bílíọ̀nù 13.8 ọdún.

Torí náà tẹ́ ẹ bá dé gálásì kan tẹ́ ò rí ìràwọ̀ ńlá aláwọ̀ búlúù kankan níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò bí irú wọn rí, ó túmọ̀ sí pé ó ti pẹ́ tó ti bí wọn, wọ́n ti kú. Ó dà bíi kéèyàn wọ agboolé kan tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ọwọ́, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kómọ jáde. Tó bá jẹ́ arúgbó nìkan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti se jọ̀lọ́ọ̀fù ìkómọ gbẹ̀yìn níbẹ̀.

Ọ̀nà míì wà o, ìyẹn ni kéèyàn wo ọ̀nà jíjìn gan-an, torí ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn ló ń gbé bọ̀. Tẹlisikóòpù James Webb tí wọ́n gbé lọ sókè lọ́jọ́ 25 oṣù December 2021 ń ṣe ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n irú gálásì tín-ín-tìn-ìn-tín tá à ń sọ yìí, tó bá ti jìnnà bẹ́ẹ̀, kò ní hàn. Ẹ jẹ́ ká jókòó ti àwọn tó wà nítòsí, ká ka àwọn tó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ mú gálásì, ẹ sì rí i dájú pé òun lẹ mú

Sculptor ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, Fornax á tẹ̀ lé e. Ìdí ni pé àwọn méjèèjì bọ́ sínú ibi tí Dark Energy Survey (DES) yà ní fọ́tò, dátà yẹn sì wà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Orí tẹlisikóòpù Blanco ní Cerro Tololo lórílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n gbé kámẹ́rà ẹ̀ lé, 570 megapixel, wọ́n fi òru 758 yà á láàárín 2013 sí 2019. Ìpín kejì, DR2, jáde ní oṣù January 2021, ohun tó wà nínú ẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 700.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo kàn wá "Sculptor" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú nọ́ńbà tí mo rí, mo wa dátà sílẹ̀, mo ya gíráàfù, ohun tí mo rí ò jọ nǹkan kan. Àṣé NGC 253 ni mo lọ bá, gálásì ńlá tí wọ́n ń pè ní Sculptor Galaxy, tó jìnnà tó mílíọ̀nù 11 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Sculptor Dwarf tí mò ń wá ò ju ẹgbẹ̀rún 280 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣòfò. Bákan náà ni Fornax, Fornax Cluster wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gálásì ló wà nínú ìyẹn, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Nọ́ńbà tó tọ́ nìyí (RA àti Dec ló ń sọ ibi tí nǹkan wà lójú ọ̀run, bíi longitude àti latitude lórí ilẹ̀): Sculptor Dwarf, RA 15.039, Dec −33.709. Fornax Dwarf, RA 39.997, Dec −34.449.

Ṣé ẹ lè fojú lásán rí wọn? Rárá, wọ́n ti fọ́n ká jù, wọ́n sì ṣókùnkùn jù. Gálásì kékeré tẹ́ ẹ lè fojú lásán rí láti ilẹ̀ wa ni Large Magellanic Cloud, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lálẹ́, nísàlẹ̀ gan-an lápá gúúsù. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó kò ní gòkè ju nǹkan bíi ìwọ̀n (degree) 14 lọ, ọyẹ́ sì sábà máa ń bò ó, kẹ́ ẹ wá fi iná Èkó kún un. Ẹ jẹ́ ká gbà pé láptọ́ọ̀pù ló dáa jù.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ wa dátà sílẹ̀

Ẹ lọ sórí Astro Data Lab ti NOIRLab, ẹ ṣí àkántì, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní notebook, ojú ewé téèyàn ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ti to Python sínú ẹ̀ tán, ẹ lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí níbẹ̀ láìfi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ yín, ìyẹn sì dáa fún ẹni tí iná ò dá lójú nílé ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ ti ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ rèé, query ni wọ́n ń pè é:

SELECT ra, dec, mag_auto_g_dered AS g, mag_auto_r_dered AS r
FROM des_dr2.main
WHERE q3c_radial_query(ra, dec, 15.039, -33.709, 0.5)
AND extended_class_coadd BETWEEN 0 AND 1
AND mag_auto_g_dered < 26 AND mag_auto_r_dered < 26

Ohun tó ń sọ ni pé: fún mi ní gbogbo nǹkan tó wà láàárín ìdajì ìwọ̀n sí àárín Sculptor, tó jọ ìràwọ̀ tí kì í ṣe gálásì ọ̀nà jíjìn, kó o sì fún mi ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nínú fílítà g, tó jẹ́ bíi búlúù sí àwọ̀ ewé, àti nínú r, tó jẹ́ pupa. "Dered" yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti bá yín yọ ohun tí eruku Milky Way ń ṣe sí àwọ̀ wọn kúrò.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo wavg_mag_psf dípò mag_auto torí ó mọ́ jù. Òótọ́ ni, ó mọ́ jù, àmọ́ ó tètè dúró, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn gan-an la sì ń lọ. Mo máa ń wa méjèèjì sílẹ̀, kí n fi wọ́n wé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ ya gíráàfù, kẹ́ ẹ sì dorí ẹ̀ kodò

Ní ìbú, ẹ yọ r kúrò nínú g (g − r), ìyẹn ni àwọ̀, láti −0.5 dé 1.6. Ní òòró, ẹ fi g fúnra ẹ̀, láti 16 dé 25. Nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ (magnitude) máa ń dorí kodò, èyí tó mọ́lẹ̀ jù ló ní nọ́ńbà kékeré, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ dojú òòró dé kí àwọn tó mọ́lẹ̀ wà lókè, plt.gca().invert_yaxis() ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àmì kọ̀ọ̀kan kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ á dúdú wàlà ni.

Báyìí, ẹ sún mọ́ ọn. Láti òkè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí ìlà kan tó tẹ̀ bí ẹ̀ka igi tó ń bọ̀ wálẹ̀ sápá òsì, àwọn arúgbó pupa nìyẹn, ìràwọ̀ tí epo àárín ẹ̀ ti tán tó wá wú. Nítòsí g 20 sí 20.5 ẹ máa rí àwọn kan tí wọ́n tò lọ sápá òsì bíi ìdérí, arúgbó náà ni wọ́n, wọ́n kàn wà ní ìpele míì ni. Ẹ má dúró tì wọ́n. Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, g 23, g 23.5, níbi tí ẹ̀ka pupa yẹn ti yí sápá òsì lójijì tó sì wá di ojú ọ̀nà gbalasa tó ń lọ sísàlẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni mò ń pè ní ọ̀pópó, ibẹ̀ ni gbogbo ìràwọ̀ tí epo ẹ̀ ò tíì tán wà. Ibi tí ẹ̀ka ti ya kúrò lára ọ̀pópó, ìyànà nìyẹn. Ìyànà ni aago.

Bí gálásì ṣe ń dàgbà, àwọn tó wà lókè ọ̀pópó ló ń kọ́kọ́ kúrò, ìyànà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ìyànà bá wà lókè, ọmọdé wà nílé. Tó bá wà nísàlẹ̀ nìkan, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ti Sculptor wà nítòsí g 23.7, ìsàlẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ máa rí i pé òkè ọ̀pópó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Mo sọ pé kẹ́ ẹ má dúró ti àwọn pupa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tàn. Àwọn pupa ló mọ́lẹ̀ jù, àwọn ló rọrùn jù láti rí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó ń ṣẹ́jú ni wọ́n. Ìràwọ̀ tó dàgbà gan-an tí irin inú ẹ̀ ò pọ̀, àti ìràwọ̀ tí ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí irin inú ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, orí ìlà kan náà ni wọ́n lè tò sí. Ẹ ò ní mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Tẹ́nì kan bá fi àwọn pupa nìkan sọ ọjọ́ orí gálásì fún yín, ẹ gbọ́, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ lé àwọn àlejò jáde

Kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni ọmọ Sculptor. Inú Milky Way là ń gbé, torí náà àwọn ìràwọ̀ tiwa wà láàárín àwa àti ibi tá à ń wò, wọ́n á tò lọ sókè sódò bí ògiri, pàápàá lápá pupa nítòsí 1.4. Nísàlẹ̀ pátápátá, gálásì ọ̀nà jíjìn tó kéré débi tí kọ̀ǹpútà fi rò pé ìràwọ̀ ni wọ́n á kún ibẹ̀, tó bá ti kọjá g 23 báyìí ẹ má fọkàn tán "extended_class" yẹn, àmì tó ń ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára gálásì, mọ́.

Ẹ tún query yẹn ṣe níbi tí Sculptor ò dé, RA 19.039 pẹ̀lú Dec kan náà, ìwọ̀n ààyè kan náà. Ẹ ya gíráàfù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ohun tó bá wà nínú méjèèjì, àlejò ni. Ohun tó wà ní Sculptor nìkan, onílé ni. Kò nílò ìmọ̀ ìṣirò ńlá kankan, ojú yín tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́ sí i fún àwọn tó mọ́lẹ̀, ẹ so ó mọ́ dátà Gaia DR3 tó jáde ní 2022. Sátẹ́láìtì ni Gaia, ó wọn bí ìràwọ̀ ṣe ń rìn lójú ọ̀run kó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2025, àwọn ti Milky Way ń sáré kiri, àwọn ti Sculptor jìnnà débi pé ó dà bíi pé wọn ò kúrò lójú kan, ìrìn wọn ò tó milliarcsecond 1 (ìwọ̀n tín-ín-tín gan-an lójú ọ̀run) lọ́dún. Àmọ́ Gaia ò kọjá magnitude 21, kò ní ràn yín lọ́wọ́ nídìí ìyànà.

Ìgbésẹ̀ 5: ẹ gbé ìlà ẹgbẹ́ lé e

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní isochrone, èmi ń pè é ní ìlà ẹgbẹ́ nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ ro ó pé wọ́n bí ìràwọ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan náà, kékeré ńlá, ibo ni kálukú wọn máa wà lórí gíráàfù lẹ́yìn bílíọ̀nù 5 ọdún? Ìlà tó so gbogbo wọn pọ̀ ni. Àwọn ará Padova ní Ítálì ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní CMD, ẹ yan PARSEC (orúkọ àwọn ìlà wọn ni), ẹ yan DECam, kámẹ́rà DES, bíi kámẹ́rà, ẹ fi ìwọ̀n irin sí i, fún Sculptor ẹ fi −1.7, fún Fornax ẹ fi −1 (log ni, òdo ni ti oòrùn, àmì yíyọ túmọ̀ sí pé irin wọn ò tó ti oòrùn). Ẹ bèèrè fún ìlà bílíọ̀nù 12.6, 8, 5, 2 àti mílíọ̀nù 300. Log iye ọdún ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, nítorí náà 10.1, 9.9, 9.7, 9.3 àti 8.5 lẹ máa kọ.

Ìlà yẹn á wá bí ẹni pé gálásì náà wà ní parsec 10 péré (parsec kan jẹ́ bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26) sí wa, ẹ gbọ́dọ̀ sún un sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ mú ìjìnnà ní parsec, ẹ wá log ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ẹ yọ 5. Sculptor wà ní 86,000 parsec, log ẹ̀ jẹ́ 4.934, ìlọ́po 5 jẹ́ 24.67, yọ 5, ó ku 19.67. Ẹ fi 19.67 kún gbogbo nọ́ńbà g inú ìlà náà. Fornax wà ní bíi 147,000, tiẹ̀ á jẹ́ 20.84.

Ẹ wò ó báyìí. Ìlà bílíọ̀nù 12.6 á gùn ìyànà Sculptor bí ẹni gun ẹṣin. Ìlà bílíọ̀nù 5 á kọjá lókè níbi tí nǹkan kan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Sculptor ti wà láyé ṣáájú bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ máa rí àwọn díẹ̀ tó wà lókè ìyànà, tó jẹ́ búlúù, tó fẹ́ dà bí ọmọdé. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Àgbàlagbà tó kun irun ni wọ́n. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká, ọ̀kan fa nǹkan ara èkejì mu, tàbí kí méjèèjì para pọ̀, ó wá rí epo tuntun, ó ń dán. Blue straggler ni wọ́n ń pè é, gbogbo ilé arúgbó ló ní in.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe fún Fornax

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà nìkan, ẹ ya á. Ibi tí Sculptor ti ṣófo, lápá òsì lókè, láti g 21 wálẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo, −0.2 báyìí, ẹ máa rí òpó búlúù kan tó dúró ṣánṣán. Àwọn ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Ìlà mílíọ̀nù 300 ọdún á bọ́ sí i lórí. Láàárín g 21 sí 22 lápá pupa, ẹ máa rí ìdì kan tó kún fọ́fọ́, red clump, ìyẹn ń sọ fún yín pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín bílíọ̀nù 1 sí 10 pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá wò ó nísàlẹ̀ sí i, ìyànà ò jẹ́ ẹyọ kan bíi ti Sculptor, ó fẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí pé kò sígbà kan tí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyànà àwọn tó dàgbà jù ní Fornax máa bọ́ sí nítòsí g 24.9, dátà DES yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní 24.7. Ẹ ò ní rí i dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé Fornax ò ní arúgbó o, ó ní wọn, ó tiẹ̀ ní globular cluster, ìdì ìràwọ̀ tó rí roboto, tó jẹ́ àgbà pátápátá. Tẹ́nì kan bá wo gíráàfù yìí tó ní ọmọdé ni gbogbo Fornax, ibi tí iná ẹ̀ mọ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé tẹlisikóòpù Hubble tó wà lójú òfuurufú lọ bá irú iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 7: tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn wò ó

Ẹ fa àpótí yí ìyànà kọ̀ọ̀kan ká lórí gíráàfù, ẹ ka iye ìràwọ̀ tó wà nínú ẹ̀, ẹ yọ iye tó wà nínú àpótí kan náà níbi tí àlejò nìkan wà. Ibí ni mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo ka àpótí ọmọdé, mo ka àpótí àgbà, mo fi wọ́n wé ara wọn tààràtà, mo ní háà, ọmọdé ò mà tó nǹkan. Irọ́ ni. Ohun mẹ́ta ni mo gbàgbé. Àkọ́kọ́, ìràwọ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n nígbà ìbí pàápàá, nínú gbogbo ìwúwo oòrùn 100 tí wọ́n bá bí, bíi ẹyọ 1 péré ló máa ń wúwo ju oòrùn 8 lọ, nítorí náà ẹni tẹ́ ẹ rí lókè ń ṣojú fún ọ̀pọ̀ àbúrò ẹ̀ tí wọ́n fara pa mọ́ sísàlẹ̀. Èkejì, àpótí ọmọdé lè jẹ́ mílíọ̀nù 300 ọdún péré, ti àgbà jẹ́ bílíọ̀nù 3, ẹ gbọ́dọ̀ pín iye ọmọ sí iye ọdún kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó yára bímọ. Ẹ̀kẹta, níbi tí èrò pọ̀ sí, ní àárín gálásì, ìràwọ̀ méjì máa ń sún mọ́ra débi tí kọ̀ǹpútà fi kà wọ́n sí ọ̀kan, àwọn tó ṣókùnkùn ló sì máa ń sọnù jù.

Ẹ̀kẹta yẹn, àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun máa ń da ìràwọ̀ ayédèrú sínú fọ́tò, wọ́n á wá wo mélòó ni kọ̀ǹpútà wọn rí padà. Fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ wọ́n ní sọ́fítíwíà bíi MATCH tí Andrew Dolphin kọ, tó ń kọ́ gálásì ayédèrú lóríṣiríṣi títí á fi rí èyí tó jọ ti gidi. Ẹ̀yin lè fi bébà ṣe tiyín, á tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Àti pé ẹ má dá ara yín lójú jù nípa àwọn àgbà. Láàárín ìlà bílíọ̀nù 1 àti 3, ìyànà máa ń sún ju magnitude 1 lọ. Láàárín 10 àti 13, kò ju bíi 0.3 lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣi ìjìnnà gálásì wọ̀n ní magnitude 0.1 péré, ó ti tó bílíọ̀nù ọdún kan tẹ́ ẹ fi ṣi ọjọ́ orí arúgbó. Ó jọ ti ilé wa, ọmọ ọdún kan àti ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni 80 àti ẹni 83 ńkọ́?

Ìgbésẹ̀ 8: ẹ to ohun tẹ́ ẹ rí sórí ìlà ọjọ́ ayé

Ẹ fa ìlà gígùn kan, bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn lápá òsì, òdo lápá ọ̀tún, òdo yẹn ni òní. Ẹ fi àmì sí 12.8, nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ àti gálásì àkọ́kọ́ ti gbóná débi pé ó ti tú átọ́ọ̀mù inú gáàsì tó wà káàkiri ayé palẹ̀ tán, reionization ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi àmì míì sí 10, ìgbà tí gbogbo ayé lápapọ̀ ń bí ìràwọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ bíbí ń dín kù lápapọ̀ títí dòní.

Ẹ wá to àwọn gálásì sí i. Inú gáàsì tútù ni wọ́n ti ń se ìràwọ̀, gálásì kékeré ò sì lágbára láti di gáàsì ẹ̀ mú, tó bá ti gbóná á sá lọ. Àwọn tó kéré jù lọ, Hubble wo mẹ́fà nínú wọn, Hercules, Leo IV, Ursa Major I, Boötes I, Canes Venatici II àti Coma Berenices. Èsì tó jáde ní 2014 ni pé ìdá 8 nínú 10 ìràwọ̀ wọn ti wà nílẹ̀ nígbà bílíọ̀nù 12.8 ọdún sẹ́yìn, nígbà tó fi máa di 11.6, ó ti parí. Reionization bọ́ gáàsì kúrò lẹ́nu iná wọn. Sculptor tóbi jù wọ́n lọ, ó rọ́gbọ́n dá sí i, àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀. Fornax tóbi ju Sculptor lọ, ẹ ti rí tiẹ̀, òun náà ò ní gáàsì mọ́ báyìí, sísúnmọ́ Milky Way àti àwọn supernova (ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù) inú ilé ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n nìkan ló ń pinnu ẹ̀, èyí ló mú kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Leo A kéré, kò sún mọ́ ẹnì kankan, ó wà lóun nìkan ní bíi mílíọ̀nù 2.6 ọdún ìmọ́lẹ̀, ó ju ìdá 9 nínú 10 ìràwọ̀ ẹ̀ lọ tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 8 ọdún tó kẹ́yìn yìí ló bí wọn. Gbogbo ayé ti jẹun tán kó tó dáná. WLM náà, James Webb ti wò ó, ó bí ìràwọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sinmi lẹ́yìn reionization, ó tún wá bẹ̀rẹ̀. Carina, tí wọ́n rí ní 1977, ìyànà ẹ̀ ya lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìka ọwọ́, ó bí, ó dúró fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún, ó tún bí. Leo T ni ti ẹnu ń yà mí sí jù, ó kéré gan-an, síbẹ̀ gáàsì wà nínú ẹ̀, ó sì ti bí ìràwọ̀ láìpẹ́. Ibi tó ń gbé jìnnà sí Milky Way ju ti Fornax lọ dáadáa, bíi 420,000 parsec. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní gbogbo gálásì kékeré ló kú sí àkókò kan náà, ẹ fi ìlà yín hàn án.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe Sculptor àti Fornax, ẹ gbìyànjú Phoenix Dwarf, òun náà wà nínú DES, RA 27.776, Dec −44.445. Ó kéré lójú ọ̀run, torí náà ẹ fi 0.1 rọ́pò 0.5 nínú query. Ó jìnnà tó 415,000 parsec, èyí tó sọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi kún ìlà ẹgbẹ́ di 23.1. Ẹ máa rí àwọn pupa, ẹ máa rí àwọn búlúù díẹ̀ tí wọn ò tíì pẹ́ láyé. Ìyànà àwọn àgbà á bọ́ sí nítòsí g 27, ẹ ò ní rí i, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ lè kọ sílẹ̀ fún Phoenix ò ju pé ó bímọ láìpẹ́ lọ, ẹ fi àyè tó kù lórí ìlà yín sílẹ̀ láìkun ún.